Àlejò Tó Sọ Nǹkan Sómi

Òórùn oògùn inú omi ẹ̀rọ ló gbé mi padà lówùúrọ̀ òní sí àgbàlá wa ní àdúgbò Zangouettin, nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí obìnrin òyìnbó kan wá bá wa gbé kó lè mọ ìṣe wa.

Èmi kò fọkàn tán an, mo ń ṣọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ nǹkan funfun kan sínú omi tí Màámi bù fún un. Ó dúró títí ó fi yòrò, ó wá na ife náà sí Màámi gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ:

“Màmá, bisimilá.”

Mo gbá ife náà dànù. “Májèlé ni!”

Màámi fọ́ mi létí. “Ṣé orí ẹ pé? Àlejò Ọlọ́run! Madámù, pardon, ẹ má bínú.”

Àlejò náà wò mí. Ó bu omi mìíràn nínú àmù, kò fi nǹkan kan sí i, ó mu ún tán lójú mi.

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, mo ní májèlé rẹ̀ ló mú un. Ilé-ìwé tí mo lọ lágbà ló kọ́ mi pé oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi ni nǹkan funfun náà; ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe mu omi wa láìfi í sí i.