Aránwé àti Àwọn Ìwé Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi rán ìwé nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì. Aránwé ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Jọ́nà ló ń rán, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn sí. Mẹ́fà ni yunifásítì náà ń tẹ̀ jáde, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dé. Bí ìkẹrin bá ti dé, Aránwé á kó wọn pọ̀, á fi òwú rán wọn, á fi gọ́ọ̀mù pa ẹ̀yìn wọn, á wá fi páálí aláṣọ pupa bò wọ́n. Ó máa ń fọ́nnu pé òun lè di ojú kí òun fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìwé, kí òun sì mọ̀ bóyá òun lòun rán an. Kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọ̀gá tuntun tó dé sí ilé ìkàwé ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àkọ́bí Aránwé lọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ má fara kan tábìlì yẹn, gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ. A ò fẹ́ rán ọ̀gá mọ́wèé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé gbogbo jọ́nà yunifásítì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà lókè òkun lè kà wọ́n. Ẹ̀rọ tí yóò máa ya àwòrán wọn ti dé. Àmọ́ ewé kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ náà ń gbé mì. Kì í gba ìwé tí a ti rán pọ̀.

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"A máa gé ẹ̀yìn wọn kúrò ni."

Aránwé wo ẹ̀rọ ìgébébà tó wà ní kọ̀rọ̀. "Ta ló máa gé e?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n gé bí kò ṣe ẹ̀yin?"

"Ọ̀gá, ẹ ní kí n fọwọ́ ara mi pa ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá ti yà wọ́n tán, ẹ̀yin náà lẹ máa tún wọn rán. Mo ṣèlérí fún yín."

Ìlérí yẹn ló gé ìwé náà, kì í ṣe Aránwé. Ọgọ́sàn-án lé mẹ́fà ni wọ́n. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni irin ẹ̀rọ ìgébébà náà fi ń sọ̀kalẹ̀. Etí lásán ló ń gé, kó lè rí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà padà. Ó kó àwọn ewé lọ sókè fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò da páálí kankan nù. Ó fi ẹfun kọ ọdún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sábẹ́ tábìlì. Ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà: bí òun bá ń rán méjì lọ́sẹ̀, ọdún méjì dín díẹ̀ ni yóò gba òun. Ọdún méjì ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó gòkè lọ béèrè àwọn ewé àkọ́kọ́. Àga àti kọ̀ǹpútà ló bá níbi tí pẹpẹ ìwé wà tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?" Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà ò lè wò ó lójú. "Ọkọ̀ tó ń kó bébà àlòkù ti kó wọn lọ."

Ó kọjá sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ìgbìmọ̀ ló pinnu, Bàbá. A ò ní àyè. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kò lè sọnù mọ́ láéláé."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ojú ìwé kan ò dín. Ẹ̀rọ kà á."

"Ó dáa," ni Aránwé wí, ó sì jáde.

Ohun tí ẹ̀rọ ò kà wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà náà dá lórí ilẹ̀ àti odò, ó sì máa ń wá pẹ̀lú máàpù ńláńlá tí wọ́n ká lọ́nà mẹ́jọ. Irú ìyẹn ò ṣeé rán mọ́wèé. Àpò aṣọ ni Aránwé máa ń ṣe fún wọn sínú páálí ẹ̀yìn. Ó ti rò pé ẹnì kan á wá béèrè. Ẹnikẹ́ni ò béèrè.

"Wọn ò bi mí," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé.

"Aránwé, bí wọn ò bi yín, ṣé wọ́n rán ẹnu yín ni?"

"Ẹ̀rọ ló kà á. Kí ẹ̀rọ wá a."

"Ìbínú ò ṣe nǹkan fúnni o."

"Ìlérí náà ò ṣe é."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà lọ́wọ́. Obìnrin onímọ̀ kan ló kọ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Odò kan ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó ti gbé abúlé méjì lọ, obìnrin náà sì fẹ́ mọ ibi tí odò náà ń gbà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní kó wo máàpù inú àpò. Kò rí àpò.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn máàpù yẹn wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Níbo?"

"Níbi tí mo fi wọ́n sí. Ẹ kó àwọn ìwé mi wá kí n rán wọn, kí n kó máàpù sápò wọn bó ṣe yẹ."

Ọ̀gá wolẹ̀. "Wọ́n ti lọ̀ wọ́n, Bàbá. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Kò fún un. Ọ̀gá fi lẹ́tà náà sílẹ̀ sórí tábìlì, Aránwé sì mú un lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ kà á tán, ó yọ jígí ojú rẹ̀.

"Ṣé obìnrin yìí ló ṣèlérí fún yín?"

Aránwé gba lẹ́tà náà padà, ó ká a.

"Àbí àwọn ará abúlé yẹn ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ máàpù mẹ́tàdínláàádọ́rin kúrò nínú àpò wọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ na ibi tí wọ́n ti ká, ó kó wọn gòkè, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ́ wọn sórí dígí ẹ̀rọ ayàwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ló parí.

"Bàbá, a dúpẹ́ gan-an," ni ọ̀gá wí. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, wọ́n á wá kó wọn."

"Kó wọn lọ síbo?"

Ọ̀gá ń wo fóònù rẹ̀. Aránwé ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ kì í bọ abíyá.

"Bàbá, ẹrù yunifásítì ni o."

Ó gbé e lé orí àwọn yòókù.

Kò sẹ́ni tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá náà láràárọ̀, ó ń tan iná, ó ń jókòó ti tábìlì tí kò sí ìwé lórí rẹ̀. Ní aago mẹ́rin, á pa iná, á sì máa lọ sílé.