Omi Tútù Lẹ́sẹ̀ Ìyàwó

Inú ọyẹ́ ni wọ́n fi ìgbéyàwó mi sí, wọn ò sì bi mí. Wọ́n ní ìgbà yẹn ni ọwọ́ ìdílé ọkọ mi máa ń dilẹ̀ lóko wọn ní Kuta.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe mí. Bí òtútù bá ti wọ̀ mí lára, ẹ̀jẹ̀ á há sínú iṣan, egungun á wá máa ro mí bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ṣùgbọ́n mo mọ bí mo ṣe ń bá ọyẹ́ gbé: mo máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo sì fi ń ṣe àlùwàlá. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kí omi tí wọ́n máa dà sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní òun ti bá wọn sọ ọ́ nílé.

Irọ́ ló pa. Ìyálé ìyá rẹ̀ ló gbé igbá jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, omi inú amù ló wà nínú ẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Ara mi ò gba òtútù.”

“Omi gbígbóná kẹ̀? Ṣé ogun lo fẹ́ gbé wọlé wa ni? Omi tútù la fi ń wọlé ọkọ.”

Wọ́n da gbogbo ẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń kọrin. Ọkọ mi ń wo fóònù.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ọsibítù ni mo wà, mò ń joró. Ìyá náà wá kí mi.

“Pẹ̀lẹ́ o. Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o. Àbí ẹsẹ̀ tìẹ ni ò dáa?”

Mo ní, “Ìyá, ọyẹ́ kọ́ ló gbé igbá.”

Ọkọ mi ní kí n má bínú, àgbà ni wọ́n. Mo ní kó kó ẹrù mi lọ sílé ìyá mi n'Ílé-Ogbó. Ó ní ìyàwó tuntun kì í padà sílé, kí laráyé máa wí? Mo ní kí wọ́n máa wí, aráyé kọ́ ni egungun ń ro.

Ilé ìyá mi ni mo wà títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ẹni tó bá ní mo ṣàṣejù, kó wá bá mi gbé egungun yìí fún ọyẹ́ kan péré.