Ìwé Mẹ́ta, Láti Ìkòròdú Dé Ẹ̀pẹ́

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà wọn ní kí kálukú kọ ibi tí ẹbí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mo rán an sí bàbá mi, tí a jọ ń gbé ní Ìkòròdú. Orí Bàbá wú. Ó ṣí Bíbélì ńlá rẹ̀. Orúkọ kún ojú ewé àkọ́kọ́: bàbá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, títí dórí èmi, gbogbo wa láti ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun. Ọmọ mi ń dà á kọ tayọ̀tayọ̀.

"Màmá àgbà wá ńkọ́?"

Ìyá mi ti kú láti ọdún mélòó kan. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, àti pé bàbá rẹ̀ lé e jáde nílé nítorí ó fẹ́ Kírísítẹ́nì. Kò mú wa débẹ̀ rí.

Bàbá wọ yàrá, ó gbé Kùránì kékeré kan jáde, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. "Òun nìkan ni ìyá rẹ mú bọ̀ lọ́jọ́ tó kúrò nílé wọn. Èmi ò lè kà á."

Ẹnì kan ti fọwọ́ kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. A gbé e sọdá lọ bá áfáà àdúgbò wa. Ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Lẹ́tà Lárúbáwá ni o, ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń sọ!" Ó kà á sókè: "A bí ọmọbìnrin mi láàárọ̀ Jímọ̀, nílé wa lẹ́yìn Ọjà Olúwo. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kó mọ̀wé jù mí lọ."

Omi bọ́ lójú mi. Tíṣà ni ìyá mi títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ní Sátidé, èmi àti ọmọ mi wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo mú fọ́tò ìyá mi dání. Ní Ọjà Olúwo, obìnrin ẹlẹ́ja kan wò mí, kò tilẹ̀ gba fọ́tò náà. "Ojú ẹ ti sọ ilé tí o ti wá fún mi," ló wí, ó sì fà wá lọ sílé kan lẹ́yìn ọjà. Ìyá arúgbó kan ń ja ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Rárá mà, ọmọ wọn ni mí."

Ó gbá mi mọ́ra. "Àbúrò ìyá rẹ ni mí. Inú Bàbá wa rọ̀ nígbà tó yá. Ó wá a títí, kò rí i."

Mo sọ fún un pé ìyá mi ti lọ. Ó sunkún, ó nu ojú, ó wá wọlé lọ mú ìwé aláwòrán kan tí ìyá mi lò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi, tíṣà tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba odindi kíláàsì, ti ya irùngbọ̀n sí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, àní sí adìẹ pàápàá.

"Òun ló yà á, èmi ni wọ́n nà!" ni àbúrò ìyá mi wí. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Bí a ti ń jẹun, ọmọ mi bi àbúrò ìyá mi pé, "Màmá, ṣé Kírísítẹ́nì ni wá ni àbí Mùsùlùmí?"

"Kọ ọ́ pé ọmọ Ọ̀ṣun àti Ẹ̀pẹ́ ni ẹ́, kí o jẹ ẹja rẹ kó tó tutù."

Nígbà tí Iléyá dé, bàbá mi fúnra rẹ̀ bá wa lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kó wọlé tàbí kó padà. Àbúrò ìyá mi jáde síta, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àna wa, ẹ mà pẹ́ o! Ẹ wọlé, ẹran ti jinná."