Ike Javel Mẹ́rin Lórí Tábìlì Ọ̀gá Àgbà

Abẹ́rẹ́ tí àwa nọ́ọ̀sì àti dókítà gbàgbé sínú aṣọ ibùsùn ló gún ìyá alágbàfọ̀ wa lọ́wọ́, kíliníìkì sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀bi ìyá náà ni. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ yàrá tí aṣọ náà ti wá, mo mọ ẹni tó mú bírò, mo sì mọ ọ̀rọ̀ tó kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Mo rántí ìgbà yẹn dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fásitì ni, mo sì ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí kíliníìkì aládàáni kan ní Niangon, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Aṣọ funfun mi máa ń le gbandi bíi páálí. Bàbá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ lọ́jà, a máa pe àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo “docteur mi,” èmi náà kì í sì í ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni pé nọ́ọ̀sì ni mí.

Nǹkan kan wà tí gbogbo wa ń ṣe ní kíliníìkì náà. Bí dókítà bá ń wá iṣan aláìsàn, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí, yóò fi abẹ́rẹ́ tó ti lò tán gún ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù, kó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré. Àwa nọ́ọ̀sì rí i, a sì kọ́ ọ. Láàrin ìṣẹ́jú kan yẹn ni wọ́n á pè ọ́ sí yàrá míràn. Ẹni tó bá wá pààrọ̀ aṣọ ibùsùn á ká a jọ, á jù ú sínú agbọ̀n, abẹ́rẹ́ á sì bá aṣọ lọ sísàlẹ̀. Àwọn àpótí aláwọ̀ ìyeyè tó yẹ ká máa ju abẹ́rẹ́ sí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Major, ti tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má baà dọ̀tí kí àwọn alábẹ̀wò ìjọba tó dé.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni ìyá alágbàfọ̀ wà. Ọmọ Ìgbòho ni wọ́n, Attécoubé ni wọ́n ń gbé, wọn ò sì mọ̀wé kà. Èmi ni mo máa ń bá wọn sọ Yorùbá nínú ilé iṣẹ́ náà, nítorí náà wọ́n sọ mí di “nọ́ọ̀sì mi.” Nígbà tí mo fẹ́ fi hàn pé mo lọ fásitì, mo kọ ìwé ìkìlọ̀ nípa abẹ́rẹ́ ní èdè Faransé tó le kokooko, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri, títí dé ilé ìfọṣọ.

Màmá wò ó, wọ́n ní, “Kí ló wí?”

“Ó ní kí ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́, Màmá.”

“Ẹn-ẹ́n. O ṣeun. Èyí tí o kọ fún àwọn tó ń fi í sílẹ̀ ńkọ́, ibo lo lẹ ìyẹn mọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gòkè lọ. Mo rò pé Màmá ń ṣàwàdà ni.

Èmi tí mo kàwé ò mọ̀ pé Màmá ti ní ọ̀nà tiwọn. Igi gígùn kan ni wọ́n fi ń gbé aṣọ láti inú agbọ̀n sórí wáyà, láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Wọ́n á lù ú, wọ́n á wá dẹtí. Bí nǹkan bá dún tín lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fi ẹ̀mú tí wọ́n fi ń kó èédú mú un, wọ́n á jù ú sínú ike omi javel, oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun, tó ti ṣófo. Aṣọ ibùsùn yàrá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, Màmá sì so ìrépé aṣọ aláwọ̀ yẹn mọ́ ọrùn ike kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń rí àwọn ike náà bí mo bá ń kọjá. Ọṣẹ ni mo pè é.

Òjò ló da nǹkan rú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀ sórí wáyà, kò sí ibi tí Màmá lè na aṣọ sí, Major sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé aṣọ ibùsùn ti tán lókè, kí wọ́n yára. Màmá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gòkè wá bá mi, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

“Nọ́ọ̀sì mi, ọ̀kan ti rí mi mú.”

Mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Mo mọ̀ pé oògùn wà tó lè dènà kòkòrò éèdì, tí wọ́n ń pè ní sida, lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó ni agbára rẹ̀ á ṣe máa dín kù. Ó gbọ́dọ̀ dọ́nà ọ̀fun Màmá kí ọjọ́ yẹn tó lọ. Lopitáàlì ìjọba la ti lè rí i, Major sì ní a nílò lẹ́tà kíliníìkì.

A wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá ní Màmá kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, pé ilé iṣẹ́ agbàfọ̀ kan ló gbà wọ́n síṣẹ́. Major mú fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fa ìjàǹbá, ó kọ ọ́ ní Faransé pé “àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́.” Ó ní kí Màmá tẹ̀ka, kí èmi fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà á jáde.

“Kà á sí mi létí,” Màmá wí.

Mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀.

“Bá mi bi wọ́n, ṣé èmi ni mo ń fún aṣọ ibùsùn ní abẹ́rẹ́?”

Mo sọ ọ́ ní Faransé gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà fọwọ́ bo ẹnu. Major ní, “Ìwọ túmọ̀ ohun tó wà nínú ìwé. Má túmọ̀ àrífín.”

Màmá dìde, wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n padà, omi òjò ń kán láti orí gèlè wọn, ike javel mẹ́rin sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì ọ̀gá àgbà, wọ́n ń mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dún ṣaka-ṣaka.

“Aláwọ̀ ewé, àwọn abiyamọ nìyí. Búlúù, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Pínńkì, àwọn ọmọdé.”

Ìkẹrin, tí ìrépé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, kún dé ọrùn. Màmá ò sọ yàrá tó ni ín. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

Èmi ni mo sọ ọ́ fúnra mi. “Salle six, yàrá kẹfà ni. Yàrá tèmi.”

“Ìwọ tó ń lẹ ìwé kiri?” Major bú sẹ́rìn-ín.

“Èmi náà ni. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀ nígbà náà.”

Wọn ò kọ ọ́. Ọ̀gá àgbà ní kí n fọwọ́ sí ohun tó wà nílẹ̀ tàbí kí n jáde ní ọ́fíìsì òun. Màmá ò tẹ̀ka, èmi ò fọwọ́ sí i, a sì bọ́ sínú òjò láìsí lẹ́tà, a wọ takisí. Ní lopitáàlì, obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì béèrè ẹni tó rán wa wá.

“Abẹ́rẹ́ ló rán mi,” Màmá fi Faransé ọjà wọn dá a lóhùn.

Obìnrin náà wo ọwọ́ wọn, kò tún béèrè ìwé mọ́. Màmá gbé oògùn àkọ́kọ́ mì kí wọ́n tó kírun alásàrì. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi lò ó. Èébì ń gbé wọn, òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń wá síbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìkẹyìn fi hàn pé ara wọn mọ́, èmi ni mo sunkún. Màmá ní, “Alhamdulillahi. Ó yá, jẹ́ n ráyè fọṣọ.”

Ohun tó ń wú mi lórí jù nìyí. Lọ́sẹ̀ kejì tí abẹ́rẹ́ gún wọn, àwa nọ́ọ̀sì fúnra wa ló bẹ Màmá pé kí wọ́n gòkè wá kọ́ wa. Wọ́n dúró láàrin salle six tòun ti igi wọn, àwọn dókítà káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Wọ́n po Yorùbá, Faransé àti Júlà, èdè àwọn ará ibẹ̀, pọ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ọ: “Ẹni tó bá yọ abẹ́rẹ́, òun náà ni kó gbé e dénú àpótí. C'est tout. Ó tán.” Major fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àpótí ìyeyè dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí òjò ọdún yẹn sì tó dáwọ́ dúró, Màmá ń lu aṣọ, sìmẹ́ǹtì ò dáhùn mọ́. Mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé ọwọ́ obìnrin tí kò mọ̀wé kà yìí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mi.

Lónìí, èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì, Màmá sì wà ní Songon lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́. Ara wọn le. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti sọnù. Nígbà kejì, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí: “àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́” wà níbẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé òṣìṣẹ́ náà kọ̀ láti tẹ̀ka. Nígbà kẹta, wọ́n ní kíliníìkì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ́.

Ó kàn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba kíliníìkì náà, ẹ gba ìwé inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n ti àpótí mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù? Kí ló dé tí òṣìṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ gún fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀bi kó tó rí lẹ́tà oògùn gbà? Àwọn tó ń fọṣọ fún yín báyìí, ṣé wọ́n wà lára àwọn tí ẹ ń fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àbí ẹ ṣì ń pè wọ́n ní ará ìta? Ìgbà wo lẹ máa pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, kí ẹ kọ òótọ́ sí i? Mo fẹ́ ìdáhùn lórí ìwé, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.