Ìyá Lẹ́tà, Bàtà Rẹ̀ àti Èjìká Ọ̀tún

Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí obìnrin tí gbogbo àdúgbò orí òkè ń pè ní Ìyá Lẹ́tà ti ń pín lẹ́tà kiri. Igba ilé ó lé mọ́kànlá ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ó sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Ó mọ ilé tí ajá rẹ̀ ń gbó láìbu ẹnikẹ́ni jẹ. Ó mọ èyí tí àpótí lẹ́tà rẹ̀ ti dípẹtà, tó jẹ́ pé ìka ni èèyàn máa fi ti ìwé wọlé. Ó sì mọ ilé bàbá arúgbó kan tó máa ń dúró lẹ́nu géètì láràárọ̀, tí yóò ní, "Ìyá Lẹ́tà, kò sí tèmi lónìí náà?" Òun a sì dáhùn pé, "Bàbá, tiyín ń bọ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn."

Obìnrin náà kò lè jókòó lójú kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ, sọ nígbà kan pé bí ìyá òun bá gbé omi kaná, ṣe ló máa ń rìn yí sítóòfù po títí omi á fi hó. Ní àárọ̀ Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, òun àti obìnrin mẹ́fà mìíràn a máa sáré yí pápá ilé-ìwé ká nígbà mẹ́jọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà láàrin wọn tó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i. Ní Sátidé kan, nígbà tó ku ìyípo kan, Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n máa dúró dè yín ni?"

Ìyá Lẹ́tà kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó sì kọjá Nọ́ọ̀sì lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ku díẹ̀ kó parí ni nǹkan fà á lẹ́yìn ìbàdí, ní apá òsì. Ó dúró. Ó fẹ́ nàró, kò ṣeé ṣe. Àwọn obìnrin náà sìn ín délé, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Síbẹ̀, gbogbo ohun tó ń sọ lójú ọ̀nà ni pé, "Àmọ́ ẹ ṣáà rí i pé mo kọjá rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀gá ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọ̀gá, àmọ́ bí aago ọwọ́ rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn lọ́jọ́ náà. Ó ṣí ìwé òfin iṣẹ́, ó kà á fún un: ẹni tí àìsàn bá dá dúró yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tọ́jú ara. Lẹ́yìn náà, yóò gbé àpò rẹ̀ ní kíkún, yóò sì rin gbogbo ọ̀nà rẹ̀ lójú ọ̀gá láàrin wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ìdí òǹtẹ̀ ni yóò lọ.

"Ọ̀gá, kí èmi máa jókòó tẹ òǹtẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Àga ibẹ̀ ní tìmùtìmù, Ìyá Lẹ́tà."

"Ẹ bá mi kí tìmùtìmù. Ẹ ní mi ò lè wá."

Ó rẹ́rìn-ín jáde níbẹ̀, àmọ́ nígbà tó délé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Télọ̀ ni ọkọ náà, èèyàn tí okùn òwú rẹ̀ tò ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lára ògiri. Ó mọ̀ pé kí ìyàwó òun jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Nọ́ọ̀sì, tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú, ló júwe ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ẹ̀yìn. Ọkùnrin yìí ti ṣe gólì nínú bọ́ọ̀lù rí kí èjìká rẹ̀ tó yẹ̀, ìwòsàn tirẹ̀ ló sì sún un lọ kọ́ iṣẹ́ títo oríkèé. Kì í fún ni lóògùn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń fi tẹ eegun ẹ̀yìn, tó ń fi dá oríkèé tó gan padà sí bó ṣe yẹ, yóò sì kọ́ èèyàn ní eré ìdárayá tí iṣan á fi lè di eegun mú. Yàrá rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni èèyàn máa gùn, kò sì sí ohun púpọ̀ nínú yàrá náà ju ibùsùn gbọọrọ kan tó ní ihò fún ojú, àti ère eegun ẹ̀yìn èèyàn kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó rọ̀ sẹ́bàá fèrèsé.

Ọ̀nà kan wà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, yóò sọ fún un lórí fóònù pé kó mú ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ tàbí tó fi ń ṣeré dání. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ á gbé kẹ̀kẹ́ wá, ẹni tó ń rìn á mú bàtà wá. Ó ní èèyàn lè parọ́, àmọ́ bàtà kì í parọ́: ibi tó bá ti jẹ ni ara ti ń tẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ mú bàtà iṣẹ́ yín wá," ló sọ fún Ìyá Lẹ́tà.

Ìyá Lẹ́tà wo bàtà náà. Eruku ọ̀nà gbogbo orí òkè ló wà lára rẹ̀, gìgísẹ̀ òsì sì ti jẹ dé ìdajì. Ojú tì í. Ṣé irú èyí ni wọ́n ń gbé lọ síwájú dókítà? Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, wọ́n pààrọ̀ gìgísẹ̀ méjèèjì. Ó fọ okùn rẹ̀, ó fi pọ́líìṣì kùn ún títí ó fi ń dán. Ọkọ rẹ̀ gbé e sókè, ó ní, "Ìyá wọn, bàtà yìí lè dá lọ síbi ìgbéyàwó láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́."

Dókítà Ẹ̀yìn yí bàtà náà síwá sẹ́yìn, ó yà á lẹ́nu.

"Gìgísẹ̀ méjèèjì dọ́gba! Mọ́mì, ìrìn yín mà tọ́ ju tèmi lọ."

Inú Ìyá Lẹ́tà dùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àpò yín ńkọ́? Èjìká wo lẹ fi ń gbé e?"

"Méjèèjì ni. Òfin ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀."

Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Ohun tí òfin wí ló sọ, ó sì dá a lójú pé ohun tí òfin wí náà lòun ń ṣe. Dókítà ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, ìrìn náà sì dára, nítorí kò gbé nǹkan kan. Ó ní a jẹ́ pé eré Sátidé yẹn nìkan ló fà á. Ó dá a dùbúlẹ̀, ó tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, oríkèé kan dún kò, Ìyá Lẹ́tà sì pariwo láti inú ihò ibùsùn pé, "Ó ti ṣẹ́!"

"Kò ṣẹ́, Mọ́mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni."

Ó kọ́ ọ ní eré ìdárayá kan: kó fi ọwọ́ àti orúnkún dúró sórí ẹní, kó na ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, kó ka márùn-ún, kó tó pààrọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ méjì ni ara rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ kẹta tó gbé àpò láti dán an wò, ìrora náà padà bí àlejò tó gbàgbé agboòrùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko: Dókítà á tò ó, ara á dùn, yóò gbé àpò, yóò tún ká kò.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ṣe é?" Dókítà bi í.

"Bẹ́ ẹ ṣe wí."

"Mọ́mì."

"Àádọ́ta."

"Àádọ́ta! Ẹ̀yìn ni à ń tọ́jú o, a ò ní ká fi í gba ife ẹ̀yẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ó dín in kù sí mẹ́wàá. Ìrora kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù, Ìyá Lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá òǹtẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wà lórí ẹní, ọwọ́ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, bí ọkọ rẹ̀ ṣe mú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kan sọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ. Bàbá náà gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó mi orí.

"Èjìká ọ̀tún yìí kan náà. Ìgbà kẹfà rèé tí màá lẹ̀ ẹ́."

Ìyá Lẹ́tà gbàgbé láti pààrọ̀ ẹsẹ̀. "Ti òsì ńkọ́?"

"Ti òsì? Òwú tí wọ́n fi rán an ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá wọn! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látọjọ́ yìí?"

"O ò bi mí. Ohun tó bá ya, mo máa ń rán an ni." Ó na aṣọ náà sí i tìgbéraga-tìgbéraga. "Wò ó fúnra rẹ. O ò lè mọ ibi tí mo lẹ̀ níbẹ̀."

Òótọ́ ni, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá náà. Ọkọ gbé yunifọ́ọ̀mù dání, ó ti tú gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó gbé àpò iṣẹ́ tó kún fún ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ aránbàtà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ní kó jókòó. Dókítà Ẹ̀yìn ní kó padà sísàlẹ̀, kó tún gun àtẹ̀gùn bọ̀. Àpò bọ́ sí èjìká ọ̀tún fúnra rẹ̀, bí adìyẹ ṣe ń mọ ibi tí yóò wọ̀ sí. Nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn karùn-ún, èjìká ọ̀tún ti gbéra sókè, gbogbo ara ti fì sí òsì, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì sì ń fa ara ró bí okùn àgọ́.

Dókítà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Aránbàtà nu ojú ìwé kan, Bàbá nu ìkejì, Mọ́mì wá fi pọ́líìṣì kun ìyókù. Ìwé wo wá lẹ fẹ́ kí n kà?"

"Ẹ má bínú, Dókítà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni mò ń wá! Èmi náà ló jẹ̀bi, ó yẹ kí n ti ní kẹ́ ẹ gbé àpò yín wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́. Èjìká náà kò yàtọ̀. Èjìká òsì yín ti ń jẹ ìsinmi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Láti ọjọ́ náà, ilé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni Ìyá Lẹ́tà ń pààrọ̀ èjìká. Ó ń rin ọ̀nà rẹ̀ láìpín lẹ́tà, pẹ̀lú àpò ìwé ìròyìn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì ló kó sínú rẹ̀, ní ìkejì, ó fi díẹ̀ kún un. Èjìká òsì ń ṣe bí ọmọ iṣẹ́ tuntun: àpò ń yọ̀, okùn ń ta á, gbogbo nǹkan ló ń ráhùn sí. Bàbá arúgbó rí i lẹ́nu géètì.

"Ìyá Lẹ́tà! Ṣé tèmi wà nínú ìyẹn?"

"Ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá ni, Bàbá."

"Mú un wá. Mi ò tíì ka tọdún yẹn tán."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá wọ bàtà tuntun, ó wo aago, wọ́n gbéra. Ìyá Lẹ́tà ń pààrọ̀ èjìká ní ilé kẹwàá, ní ogún, ní ọgbọ̀n, Ọ̀gá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé bàbá arúgbó, lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpò lóòótọ́. Bàbá ya á, ó kà á sókè. Dókítà eyín ló ní kó wá yẹ eyín wò.

"Eyín wo? Mẹ́ta ló kù!" Síbẹ̀, ó fi lẹ́tà náà sáyà bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Inú Ìyá Lẹ́tà dùn débi pé ó gbàgbé láti pààrọ̀. Ilé márùndínlógún ló rìn lórí èjìká ọ̀tún kí ìrora tó ta á bí abẹ́rẹ́, ní ibi ti àtijọ́ gan-an. Ó dúró. Ó gbé àpò lé orí ògiri kékeré kan, ó kúnlẹ̀ sórí kóríko ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn.

"Ìyá Lẹ́tà! Èèyàn ń wò wá o!"

"Kí wọ́n máa wò. Ẹ̀yìn tèmi ni. Ẹní, èjì, ẹ̀ta…"

"Aago ń lọ o!"

"Ẹ̀rin, àrún. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló ṣe é. Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ì bá ṣe àádọ́ta, àmọ́ ó dúró lórí mẹ́wàá. Ó dìde, ó gbé àpò kọ́ èjìká òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sáré, nítorí eré ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó ju lẹ́tà tó kẹ́yìn sínú àpótí, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àkókò pé. Ọ̀gá ń bọ̀ lókèèrè, ó di ìbàdí mú.

"Ẹ yege," ni Ọ̀gá wí nígbà tó débẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé lórí ògiri. Ó rọra bi í pé, "Ẹni tó tò yín yìí, níbo ló wà?"

"Òkè ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Ẹ mú àga yín dání, tòun ti tìmùtìmù rẹ̀."

Nígbà tó délé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Eruku bò ó láti òkè délẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn títí, ó sì na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ìyá Lẹ́tà di ọwọ́ náà mú.

"Bàbá wọn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Dókítà fẹ́ kà á lọ́jọ́rú."