Pèpéle Kejì ní Òṣogbo

Òórùn irin tí oòrùn ti pa kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, kódà níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ajórin, ọkàn mi á lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí mo sì rò pé mo gbọ́n.

Mo ti lé ní ogún ọdún dáadáa nígbà náà, síbẹ̀ kíláàsì àṣekágbá ilé ìwé girama ni mo wà. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́kọ́ kọ́ ní Iléṣà kí n tó padà sídìí ìwé. Ìwé tí mo pẹ́ kí n tó rí kà yìí wú mi lórí jù. Mi ò fẹ́ bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun mọ́. Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo rò pé àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń bá wí.

Mo ti rí obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ọmọ Iléṣà bíi tèmi. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní Sáríà lókè Ọya, ló tọ́ ọ dàgbà, ohun tí ìyá yìí bá sì sọ, abẹ ti gé e nìyẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá fi ojú ara àwọn rí mi. Kí n wá pàdé àwọn ní Òṣogbo, èmi nìkan. Bí àwọn bá sọ̀ tí àwọn kò bá mi níbẹ̀, àwọn á padà wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ àwọn ní Ìbàdàn, kí n sì lọ wá ìyàwó síbòmíràn. Wọ́n ní ọkùnrin tí kò bá lè pàdé arúgbó lọ́nà, kò lè gbé obìnrin nílé.

“Gèlè búlúù ni wọ́n máa wé,” ni àfẹ́sọ́nà mi sọ fún mi. “Pèpéle kejì ni ọkọ̀ tó ń ti òkè Ọya bọ̀ máa ń dúró sí. Kejì o! Tí kò bá yé yín, ẹ béèrè.”

“Ṣé mi ò wá lè ka ení, èjì ni?”

“Ẹ ṣáà béèrè.”

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ aṣọ funfun báláú. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti gáréèjì já mi sí ẹ̀yìn ibùdókọ̀ náà, níbi tí àwọn tó ń kiri ọjà máa ń gbà wọlé. Mo kan pèpéle kan, mo ní èyí ni kìíní. Mo sọdá irin, mo gun èkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdókọ̀, mo sì jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Bí a ṣe ń kà á nínú agboolé wa nìyẹn: ojúlé tí èèyàn bá kọ́kọ́ kàn ni àkọ́kọ́. Pátákó kan wà nítòsí mi, àmọ́ obìnrin oníbúrẹ́dì kan ti ta aṣọ lé e láti fi ṣe ìbòòji. Mi ò bìkítà. Ṣebí mo ti kà á.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ẹrù gígùn kan tó gbé àgbá epo wá dúró níwájú mi, tó sì bo gbogbo òdìkejì. Ọkọ̀ mìíràn wá dé lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo èrò, mo gbọ́ Haúsá, mo gbọ́ igbe àwọn olómi. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ní ti àwọn ará pèpéle kìíní nìyẹn. Tèmi ń bọ̀.

“Bọ̀dá aláṣọ funfun,” ni oníbúrẹ́dì pè mí, “ta lẹ ń dúró dè?”

“Ọkọ̀ òkè Ọya ni.”

“Òun ló dé yẹn kẹ̀!”

“Rárá o. Pèpéle kejì ni tèmi.”

“Kejì ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Kìíní lẹ jókòó sí.”

“Mo kà á, mà.”

“Ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?”

“Láti ibi tí mo gbà wọlé.”

Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀yìn lẹ gbà wọlé! Ìjẹ̀ṣà ni yín, àbí? Ẹ ò ní rélùwéè nílé, ẹ wá ń bá wa ka tiwa.” Ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò lára pátákó. Nọ́ńbà kìíní wà níbẹ̀, ó tóbi ju orí mi lọ. “Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ibi tí olórí bá jókòó sí ni ìbẹ̀rẹ̀.”

Mo ṣì fẹ́ jiyàn. Mo ti la ẹnu tán ni fèrè dún lódìkejì.

Ọkọ̀ ẹrù yẹn gùn ju kí èèyàn sá yí i po lọ. Mo gun irin tó so àgbá méjì pọ̀, oníbúrẹ́dì ń pariwo pé kí n má pa ara mi, mo fi àyà nu gíríìsì, mo sì já sí ojú irin kejì. Mo sáré yí imú ọkọ̀ èrò ká. Bí mo ṣe gun pèpéle, mo rí gèlè búlúù. Ìyá àgbà ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Alábàárù ń ti báàgì wọn gba ojú fèrèsé wọlé.

“Ìyá Sáríà! Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́, mà!” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. “Ta nìyí?”

“Èmi ni, mà. Èmi ni mo wá pàdé yín.”

Wọ́n wo àyà mi títí. “Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pè ọ́ fún mi. Wọn ò sọ pé mẹkáníìkì ni ọ́.”

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe kà á, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ̀rín gbé wọn. Wọ́n rín títí gèlè fi yẹ̀ lórí wọn. “Rélùwéè ni ọkọ mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì,” ni wọ́n wí. “Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó gbá pèpéle, ti ẹlòmíràn ló gbá, ó tún gbá a mọ́ tónítóní.” Ọkùnrin alásìíá ń ju àsíá. Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí ọkọ̀, èmi náà ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. “Alábàárù, dá báàgì mi padà.” Wọ́n yíjú sí mi. “Dìde, kí o gbé e. Àmọ́ iwájú la máa gbà jáde.”

Kí mọ́tò tó gbé wa dé Iléṣà, gbogbo èrò inú rẹ̀ ti gbọ́ ìtàn náà. Ìyàwó mi sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mi títí ayé rẹ̀. Bí mo bá ń ṣe bí ẹni tó mọ nǹkan jù, á ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á.”

Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́. Ìyàwó mi náà ti lọ. Àwọn ọmọ wà nílé tiwọn, ilé sì dákẹ́ nírọ̀lẹ́. Mi ò ráhùn. Mo kàn máa ń rò ó pé, ká ní mo tún jókòó bá oníbúrẹ́dì yẹn jiyàn díẹ̀ sí i ni, ilé yìí ì bá ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá.