Òjá Tó Ń Tàn ní Ògèrè

Bí ẹ bá ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ògèrè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwa lẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwa obìnrin onígbálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń ju ike omi àti ọ̀rá búrẹ́dì láti ojú fèrèsé ọkọ̀, àwa là ń kó o. N ò ní kí ẹ dúpẹ́. Kí ẹ ṣáà máa rí wa ni.

Ọ̀rọ̀ Mọ́rọ́nfọ́lá ni mo fẹ́ sọ, ìyá Dámisọ́lá, tí a jọ ń gbálẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ni. Aránṣọ ni kó tó di onígbálẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ní Ofin, ní Ṣàgámù kan náà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ìdajì àwọn ìyàwó àdúgbò ló rán aṣọ fún. Òkirìkà àti iná tí kì í sí ló lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Síbẹ̀ sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kò kúrò nínú àpò rẹ̀ rí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Èmi ìyá Yísà ni mo máa ń jà fún àwa méjèèjì.

Dámisọ́lá ọmọ rẹ̀ náà ń bá wa gbálẹ̀, tòun ti Tiwalọpẹ́, ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn. Bàbá ọmọ bá iṣẹ́ lọ sókè Ọya, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ta ni Dámi ì bá gbé ọmọ sílẹ̀ fún ní ìdájí, nígbà tí ìyá rẹ̀ gan-an wà lójú títì pẹ̀lú wa? Ó ń pọn ọ́n, ó ń gbálẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọnmọ lọ sóko.

Nígbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n pè wá sí ìpàdé. Ọkùnrin kan wá láti Abẹ́òkúta láti kọ́ wa bí a ṣe ń wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fún wa. Ó ní ìlà fàdákà ara rẹ̀ ni ẹ̀mí wa, pé bí iná ọkọ̀ bá bà á, yóò tàn padà sójú awakọ̀. Ó ní kí a wọ̀ ọ́ lé gbogbo aṣọ wa lórí, kí a dì í níwájú, kí ìlà náà hàn níwájú àti lẹ́yìn, kí ohunkóhun má bò ó. Adésọjí, tí agbaṣẹ́ṣe fi ṣe ọ̀gá wa, ló pàtẹ́wọ́ jù. Kò sẹ́ni tó béèrè pé obìnrin tó pọnmọ ńkọ́. Àwa náà ò béèrè. Ọmọ pípọ̀n, ta ló ń ka ìyẹn sí nǹkan?

Ní ìdájí ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àwọn tírélà tò dí títì bí ìṣe wọn, àwọn ọkọ̀ kéékèèké sì ya sí ẹ̀gbẹ́ títì tí a ti ń gbálẹ̀. Adésọjí gan-an kì í gba ibòmíràn bí tírélà bá ti dínà. Ọkọ̀ kan já wá láti ẹ̀yìn, mo pariwo, Dámi fò sínú koríko, ọkọ̀ náà sì gbá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Awakọ̀ dúró, ó sáré padà wá.

Ó wí fún Dámi pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí ìyá tó wà níwájú yín dáadáa. Ẹ̀yin gan-an ni n ò rí. Ẹ wo ẹ̀yìn yín.”

A wò ó. Aṣọ ìpọnmọ àti òjá ti bo gbogbo ìlà fàdákà náà. Ẹ̀yìn Dámi dúdú kirikiri, ọmọ ló sì wà níbẹ̀. Òun ni ọkọ̀ ì bá kọ́kọ́ bá.

Ọjọ́ yẹn náà ni Mọ́rọ́nfọ́lá lọ bá Adésọjí nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀, obìnrin tó lè bí Adésọjí.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì kan, kódà kó jẹ́ èyí tó ti ya. Ìlà ara rẹ̀ ni mo fẹ́ gé, kí n rán an mọ́ òjá ọmọ.”

Adésọjí ní, “Jákẹ́ẹ̀tì ti tán, ìyá. Ìlànà ò tiẹ̀ fàyè gba ọmọ lójú títì. Kí Dámi gbé e sílé, tàbí kí òun náà jókòó sílé.”

Ọkọ̀ tó fẹ̀yìn tì tó ń sọ ọ́ gan-an ló bí mi nínú. Jákẹ́ẹ̀tì tuntun méjì ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ó fi wọ àga méjèèjì iwájú, ó tẹ́ ìlà wọn síta kí ọlọ́pàá lè rò pé èèyàn ìjọba ló ń kọjá. Wọ́n ní jákẹ́ẹ̀tì tán, àga ọkọ̀ sì ń wọ̀ ọ́! Àga wo ló gbálẹ̀ rí? Àga wo ni tírélà fẹ́ pa?

Mo la ẹnu, Mọ́rọ́nfọ́lá sì di ọwọ́ mi mú. Ó dúró títí ọ̀gá fi lọ jẹun ní òdìkejì títì. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà tí ọ̀gá kò fi kọ́kọ́rọ́ tì, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àga awakọ̀, ó ká a, ó kì í sínú àpò. Èmi tí mo ń pera mi ní oníjà, mo kàn tẹ̀ lé e ni.

Nígbà tó délé, ó nu eruku orí ẹ̀rọ, ó rán ìlà fàdákà náà mọ́ òjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, tírélà tún dínà. Ọkọ̀ kan tún gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń sáré bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni bíréèkì rẹ̀ dún tí ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ó dúró sẹ́yìn Dámi, kò ju kí ènìyàn na ọwọ́ kan ìdí ọmọ lọ. Nínú iná ọkọ̀ náà, òjá yẹn mọ́ rekete. Tiwalọpẹ́ ò tiẹ̀ jí.

Adésọjí ló sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ó wo òjá, ó tún un wò.

Ó ní, “Ta ló gé jákẹ́ẹ̀tì mi?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Kò béèrè bóyá nǹkan ṣe ọmọ. Wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ètè ò kan Adésọjí. Mọ́rọ́nfọ́lá jáde sí i, ó bọ́ sínú ojúlówó èdè Rẹ́mọ tó jẹ́ pé inú bíbí nìkan ló fi ń sọ, ó ní òun ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí jákẹ́ẹ̀tì náà ti wà lẹ́yìn àga, kò gba ẹnikẹ́ni là. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ òun lò ó, ó gba ọmọ òun lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Adésọjí pè é lólè, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Mọ́rọ́nfọ́lá ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. Àwa onígbálẹ̀ tó ń pọnmọ, láti Ògèrè dé Ìpẹ̀rú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń kó òjá wa lọ, òjá Dámi sì ń tàn lójú títì ní gbogbo ìdájí. Ẹ má bi mí níbi tí a ti ń rí ìlà fàdákà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi jákẹ́ẹ̀tì wọ àga ọkọ̀ yín, tí ẹ sì dúró ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ẹ rántí ti ilẹ̀kùn.